Pírińtà ọ̀mùtí, àti èyí tí mo fi rọ́pò rẹ̀

Aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Àìkú kù díẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún. Tíṣà ọmọ mi obìnrin ló fi fáìlì ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn òbí: ojú ewé mọ́kànlá, kí gbogbo ọmọ mú un wá láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ nílé ìwé aládàáni lásìkò yìí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n ti gba owó ìwé, wọ́n ti gba owó lẹ́sìn, síbẹ̀ bébà àti íǹkì tún di ti òbí. Láyé àtijọ́, irú nǹkan báyìí á mú mi jáde láago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, máa sáré lọ sí ìsọ̀ oníkọ̀ǹpútà tó wà ní ìkóríta wa ní Àpáta, n'Ìbàdàn, máa sì bá ilẹ̀kùn ní títì. Lọ́jọ́ tó bá wá ṣí, ₦100 ni ojú ewé kan tó bá jẹ́ dúdú, ₦250 tó bá ní àwọ̀, ẹni tó wà níwájú mi á sì gbé iṣẹ́ ogójì ojú ewé dání.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, mi ò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo tẹ fóònù, mo sì gbọ́ pírińtà mi nínú pálọ̀, krrr, krrr, tó ń fa bébà wọlé. Kí n tó parí ọ̀rọ̀ tí mò ń bá bàbá àwọn ọmọ mi sọ, mọ́kànlá ti pé.

Nítorí pírińtà yìí, àwọn ènìyàn kì í jẹ́ kí n sinmi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìpàdé òbí àti tíṣà, "Àǹtí, èwo lẹ lò? Ṣé ká ra irú ẹ̀?" Mo wá ní kí n jókòó kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí ẹnu mi ti rẹ̀. Èyí tí mo ń lò ni Epson L3250, onítáǹkì, ìyẹn irú èyí tí wọ́n ń da íǹkì láti inú ìgò sínú táǹkì ara rẹ̀. Mo ti lò ó ju ọdún kan lọ. Ó dáa. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo yín ló yẹ kó rà á, torí náà ẹ má tíì gbé owó yín jáde.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ọdún 2021 ni mo rà á, ní ilé ìtajà ńlá kan tí wọ́n ti ń gbowó wálẹ̀ lórí ọjà. ₦32,000. Ó funfun nini, ó kéré, kátíríìjì méjì, ìyẹn ilé íǹkì kékeré tí wọ́n ń pààrọ̀ tó bá tán, sì wà nínú páálí rẹ̀, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan aláwọ̀. Mo rò pé orí ló bá mi ṣe é. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni dúdú tán. Ojú ewé 120 ni wọ́n kọ sára kátíríìjì náà, àmọ́ ẹ mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe pírińtà, ìwé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fọ́nká ni wọ́n fi ń ka ojú ewé. Wọn kì í fi iṣẹ́ ilé ọmọ kíláàsì kẹrin kà á, èyí tí àwòrán erin àti ti mọ́tò kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Ti èmi kò tó 80. Nígbà tí mo lọ béèrè kátíríìjì tuntun, owó dúdú àti aláwọ̀ pa pọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó pírińtà fúnra rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Àwọn tó ń ta irú ẹ̀rọ yẹn kì í jèrè lórí ẹ̀rọ, orí íǹkì ni wọ́n ti ń jẹun. Ó dà bí ẹni tó ta ewúrẹ́ fún ẹ lówó pọ́ọ́kú, tó wá ní ọ̀dọ̀ òun nìkan lo ti gbọ́dọ̀ máa ra èèpo iṣu tí yóò jẹ.

Mo gbọ̀nà ẹ̀bùrú. Ọmọkùnrin kan ní Dùgbẹ̀ máa ń rọ íǹkì sínú kátíríìjì tó ti tán. Ó mú síríǹjì, ó sì gún un lẹ́yìn bí ìgbà tí nọ́ọ̀sì ń fún ọmọ tó níbà lábẹ́rẹ́. Íǹkì ta sí mi ní bùbá, kò jáde dòní. Lẹ́ẹ̀kíní, ó ṣiṣẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ìlà funfun bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú ìwé kọjá. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ ní òun ò mọ kátíríìjì náà rí. Èyí tó wá bí mi nínú jù ni pé lọ́jọ́ kan, ìwé dúdú lásán ni mo fẹ́ tẹ̀, ìwé tí wọ́n fi ń tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó ní íǹkì pupa ti tán, òun ò sì ní tẹ nǹkan kan àfi kí n ra òmíràn. Aláwọ̀ mẹ́ta wà nínú kátíríìjì kan ṣoṣo, tí ọ̀kan bá ti tán, ẹ kó gbogbo rẹ̀ dànù. Pírińtà ọ̀mùtí ni bàbá àwọn ọmọ mi sọ ọ́. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ló wà dòní, aláǹtakùn ló ń gbé inú rẹ̀.

Bí mo ṣe fẹ́ ra òmíràn, bàbá àwọn ọmọ mi ní kí n ra onílésà bíi ti ọ́fíìsì wọn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ burúkú. Lésà ò ní íǹkì tó máa gbẹ, lúúlúú ló ń lò, ẹ lè fi sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà kẹ́ ẹ padà dé bá a bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìwé dúdú nìkan lẹ máa ń tẹ̀, tí iná yín sì dúró dáadáa, ẹ lọ ra lésà, ẹ fi mí sílẹ̀. Àmọ́ iná ló ń yọ́ lúúlúú yẹn mọ́ bébà. Nígbà tó bá ń gbóná, ó máa ń fa ọgọ́rùn-ún wáàtì lọ́nà mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà, ìfátà (inverter, tó ń fi bátìrì fún wa níná) kékeré tó wà nílé wa á sì ké fíín, á kú. A ti dán an wò pẹ̀lú èyí tó yá wá láti ọ́fíìsì. Tẹlifísàn kú, fáànù kú, ìyá ọkọ mi tó wá kí wa sì béèrè ẹni tó ṣẹ̀ wá. L3250 tí mo rà yìí, wáàtì 12 ló ń mu tó bá ń ṣiṣẹ́. Gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60 mu ìlọ́po márùn-ún rẹ̀. Nínú ìlú tí NẸ́PÀ ti ń ṣe bó ṣe wù ú, ọ̀rọ̀ yìí ju ẹwà ẹ̀rọ lọ.

Oṣù kẹjọ ọdún 2024 ni a lọ ṣe ìkómọ ní Ògbà, mo sì ní kí àbúrò ọkọ mi mú mi dé Computer Village ní Ìkẹjà lọ́jọ́ kejì. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí níbẹ̀ o. Ẹsẹ̀ mi ò tíì kan ilẹ̀ òpópónà Òtígbà níbẹ̀ dáadáa tí ọmọkùnrin mẹ́ta ti yí mi ká: "Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ rà? Ẹ bọ́ síbí, ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ló ti rọ̀ jù." Ẹ má tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Àwọn yẹn kò ní ṣọ́ọ̀bù, owó tiwọn ni wọ́n máa lé sórí owó ọjà. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù tó ní pátákó, tí wọ́n máa já páálí lójú yín, tí wọ́n á kì í bọ iná, tí wọ́n á fún yín ní rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ẹ̀rọ nínú. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi tòkunbọ̀ tàn yín. Tòkunbọ̀ dáa lára fíríìjì, ó dáa lára aṣọ, àmọ́ pírińtà onítáǹkì tó ti lo oṣù mẹ́ta nínú kọ̀ǹténà pẹ̀lú íǹkì nínú, ẹnu tó ń fi íǹkì síta lè ti gbẹ, íǹkì sì lè ti dà sí i nínú.

Mẹ́rin ni wọ́n tò síwájú mi. HP Smart Tank, tí mo kàn wò kọjá torí pé owó rẹ̀ ga jù. Brother DCP-T420W, tí mo fẹ́ràn torí pé abẹ́ ikùn rẹ̀ ni bébà ń gbé, eruku ò lè bà á, àmọ́ ẹni tí mo bi ní Ìbàdàn sọ pé íǹkì rẹ̀ ò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó wá ku Canon G3411 àti Epson L3250, mo sì dúró lórí àwọn méjèèjì bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí ọlọ́jà fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àgbàdo.

Canon yẹn, tí mo bá sọ òtítọ́, ó ní nǹkan méjì tí tèmi ò ní. Íǹkì dúdú rẹ̀ jẹ́ irú tí omi kì í fọ̀. Ìgò dúdú rẹ̀ kan, mìlílítà 135 ni, ojú ewé 6,000 ni wọ́n kọ pé ó lè tẹ̀. Tí ẹnu íǹkì rẹ̀ bá sì dí, ẹ lè yọ ọ́ fúnra yín, kẹ́ ẹ ra òmíràn fi síbẹ̀. Ti Epson, ẹnu íǹkì rẹ̀ wọ ara ẹ̀rọ ni, tó bá bàjẹ́, ọ̀rọ̀ onímọ̀ẹ̀rọ ló dà, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Kí ló wá dé tí mo mú Epson? Ìdí kan ni pé kì í se íǹkì kó tó tú u jáde. Canon àti HP máa ń mú íǹkì gbóná títí tó fi máa hó, ìhó yẹn ló ń tì í jáde. Epson kàn ń fi iná mànàmáná ti nǹkan tín-ínrín kan tó ń fún íǹkì jáde, kò sí ooru, ẹnu rẹ̀ sì máa ń pẹ́. Ìdí kejì, tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ: gbogbo ẹni tó ń tún pírińtà ṣe láti Dùgbẹ̀ dé Ìwó Road ló mọ ìdí L3250. Ẹ̀rọ tí mẹkáníìkì àdúgbò mọ̀ ló yẹ ọmọ Nàìjíríà.

₦320,000 ni ọlọ́jà pè é. Mo ná an títí, mo dìde, mo rìn dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n pè mí padà, mo san ₦285,000. Mo ra ìgò íǹkì dúdú kan sí i ní ₦11,000. Iye tí èmi san nìyẹn. Dọ́là ló ń sọ ti òní, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó jáde nílé.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò. Ìgò dúdú ti L3250, mìlílítà 65, ojú ewé 4,500 ni wọ́n kọ. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́ tán. Nítorí erin àti mọ́tò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ pè é ní 2,000. ₦11,000 pín sí 2,000 jẹ́ ₦5.50. Rímù bébà kan tó ní 500 nínú, ₦6,500 ni mo ń rà á, ìyẹn ₦13 lórí bébà kan. Gbogbo rẹ̀ ò pé ₦20, oníkọ̀ǹpútà sì ń gba ₦100. Ẹ̀yin náà rí i: bébà ti wá wọ́n ju íǹkì lọ! Mi ò rò pé máa rí irú ọjọ́ yẹn láyé.

Mò ń kọ́ ọmọ mẹ́sàn-án ní lẹ́sìn nílé lọ́sàn-án, mò ń tẹ ìbéèrè ìdánwò fún wọn, pẹ̀lú iṣẹ́ ilé àwọn ọmọ tèmi. Bí àádọ́rin ojú ewé lọ́sẹ̀. ₦80 tí mò ń gbà là lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọdún kan ni owó ẹ̀rọ fi padà wọlé. Àmọ́ tó bá jẹ́ ojú ewé márùn-ún péré lẹ̀ ń tẹ̀ lọ́sẹ̀, ọdún mẹ́tàlá lé ló máa gbà yín. Ọmọ tẹ́ ẹ torí ẹ̀ rà á á ti jáde yunifásítì. Ẹ máa lọ sọ́dọ̀ oníkọ̀ǹpútà ní ìkóríta, ẹ kí i fún mi.

Alẹ́ ọjọ́ tí mo gbé e délé, gbogbo ilé ló pé jọ. Ìgò mẹ́rin ló wà nínú páálí: dúdú, búlúù, pupa tó dà bí omi sóbò, àti yẹ́lò. Mo tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, mo kó ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fi ń kun irun wọ̀. Ẹ ṣí ìdérí táǹkì, ẹ wo àwọ̀ tí wọ́n fi sára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó dà á, torí tí yẹ́lò bá wọ ilé búlúù, ẹkún ni. Ẹ dà á kó dé ìlà òkè, kó má kọjá. Lẹ́yìn náà lẹ máa tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ á wá máa fa íǹkì sínú okùn rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ń kùn, ó ń dákẹ́, ó tún ń kùn. Ọmọ mi ọkùnrin kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ń wo bí íǹkì ṣe ń lọ sílẹ̀ lójú fèrèsé rẹ̀. "Mọ́mì, ó ń gbé e mì o." Kẹ́ ẹ má bàa sọ pé mi ò sọ: ìgò àkọ́kọ́ kì í pẹ́ bí èyí tó tẹ̀ lé e, torí inú okùn àti ẹnu ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mu tiwọn yó.

Wi-Fi rẹ̀ fìyà jẹ mí fún wákàtí méjì. Fóònù mi ni mo fi ń ṣe họ́tísípọ́ọ̀tì, ẹ̀rọ ní òun ò rí i. Mo tẹ̀, mo tú, mo bínú, mo lọ jẹun. Àbúrò ọkọ mi ló sọ fún mi lórí fóònù pé orí ìgbì rédíò 5 GHz ni họ́tísípọ́ọ̀tì mi wà, 2.4 GHz nìkan sì ni pírińtà yìí ń gbọ́. Mo yí i padà, ó wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nígbà tó yá ni mo wá mọ̀ nípa Wi-Fi Direct, tí fóònù fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ láìlo dátà rárá. Òun ni mò ń lò báyìí.

Àwọn àléébù rẹ̀ ńkọ́? Kò ní ojú gíláàsì tó ń sọ̀rọ̀, iná ló kàn máa ń ṣẹ́jú sí yín bí ẹni tó fẹ́ bá yín ṣòfófó, ẹ̀yin lẹ máa wá ìtumọ̀ rẹ̀. Kò lè yí bébà fúnra rẹ̀ tẹ ẹ̀yìn, ọwọ́ yín lẹ máa fi yí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó wà ní ṣíṣí ni bébà ń gbé, eruku ń wọ̀ ọ́, aáyán sì ti wọ tèmi rí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kẹ́ ẹ rí i. Gèlè àtijọ́ kan ni mo fi ń bò ó báyìí. Nígbà òjò, bébà máa ń rin, á sì máa fa méjì méjì, àfi kí n kó rímù sínú ọ̀rá kí n dì í. Fọ́tò lórí bébà lásán máa ń ṣì, àmọ́ mo fi bébà dídán tẹ pásípọ́ọ̀tù àwọn ọmọ, ó sì jáde dáadáa.

Omi ni ọ̀tá rẹ̀ gan-an. Oṣù kẹfà ọdún tó tẹ̀ lé e, òjò pa ọmọ mi obìnrin lójú ọ̀nà ilé ìwé. Iṣẹ́ tí a ti parí, tó ti kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú rẹ̀, mo rí i nígbà tó mú un padà wá: àwọn lẹ́tà ti yọ́ wọra wọn, orí erin ti ṣàn dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Bírò tó fi kọ ìdáhùn ṣì wà níbẹ̀ kedere, ìbéèrè ni ò sí mọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo rántí Canon.

Nǹkan kan wà tí wọn kì í sọ fún yín ní ṣọ́ọ̀bù. Tí pírińtà yìí bá fẹ́ sùn, á gbé ẹnu íǹkì rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á fi ìdérí bò ó kó má gbẹ. Bọ́tìnnì ara rẹ̀ lẹ gbọ́dọ̀ fi pa á kó tó ráyè ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pa á lára ògiri, tàbí tí NẸ́PÀ mú iná lọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹnu rẹ̀ á wà ní ìhòòhò títí iná á fi dé. Nígbà ọyẹ́, kíá ni íǹkì lè gbẹ sí i lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí tèmi fi wà lórí ìfátà tọ̀sán-tòru.

Kérésìmesì àkọ́kọ́ tí mo ní in, a lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Ìjẹ̀bú Òde. Nígbà tí a dé, búlúù kọ̀ láti jáde, yẹ́lò ń jáde bí ìtọ̀ ológbò. Mo ní kó fọ ẹnu rẹ̀, mo tún ní kó fọ̀ ọ́, kò gbọ́. Ẹni tó ń tún un ṣe sọ fún mi lórí fóònù pé kí n dáwọ́ dúró: íǹkì tó bá fi fọ ẹnu, inú fóòmù kan nísàlẹ̀ ló ń tú u sí, ẹ̀rọ sì ń ka iye rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá ka a pé ó ti kún, gbogbo iná rẹ̀ á máa ṣẹ́jú, kò ní tẹ nǹkan kan mọ́ títí wọn yóò fi pààrọ̀ fóòmù náà, kí wọ́n sì fi kọ̀ǹpútà dá a padà sí òdo. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ di àárọ̀. Mo fi í sílẹ̀. Láàárọ̀, ìfọ̀ kan ṣoṣo, gbogbo àwọ̀ pé. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni ọmọ mi obìnrin ń ya òdòdó kan sórí fóònù mi, aláwọ̀ mẹ́rin, tó sì ń tẹ̀ ẹ́ kí ẹnu ẹ̀rọ má bàa gbẹ. Ògiri yàrá rẹ̀ ti kún.

Ìṣòro tó kù kì í ṣe ti ẹ̀rọ mọ́. Ìyá Ìbejì tó wà lókè wa ti gbọ́ krrr, krrr. Lóṣù àkọ́kọ́, "Ẹ jọ̀ọ́, ojú ewé méjì péré ni." Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, iṣẹ́ ìwádìí àbúrò rẹ̀ tó wà ní Polí ló gbé wá, ojú ewé mẹ́rìnléláàádọ́rin, pẹ̀lú àwòrán. Mo lẹ iye owó mọ́ ara pírińtà lọ́jọ́ kejì: dúdú ₦50, aláwọ̀ ₦100, kí kálukú gbé bébà tirẹ̀ dání. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní èmi náà ti di oníkọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, ó gbé odidi rímù wá.